Búrẹ́dì Nínú Ìtọ̀ Múrádì

"Ta ló fún un jẹ? Ẹ̀yin ni mò ń bi, Àlájà, ẹ má wojú ògiri. Ta ló fún ọmọ mi ní búrẹ́dì?"

Ohùn mi ti ga kọjá ohùn tí ìyàwó ilé máa ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Àwọn ará àdúgbò Báhárì ti ń ṣí fèrèsé, n kò sì bìkítà. Àlájà Ratíba jókòó nínú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kò dáwọ́ dúró.

"Búrẹ́dì wo?"

"Búrẹ́dì tó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n ń rí ṣúgà nínú ìtọ̀, wọ́n sì ń rí oyún níbẹ̀, àmọ́ òun ò tíì gbọ́ ẹni tó rí búrẹ́dì. Ó ní ṣé wọ́n bá bébà tí wọ́n fi wé e níbẹ̀ náà ni.

Múrádì ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, òun kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí. Dókítà ní ọ́tísìmù ni, ó ní kí n máa mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀, kí n sì ní sùúrù. Sùúrù! Tí Dókítà bá délé, àwọn ọmọ tirẹ̀ á sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo ń wá láyé kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí pè mí ní Mámà, lẹ́ẹ̀kan péré, kí n mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Wáẹ́lì ọkọ mi wà ní Kùwéétì. Inú fóònù ni mo ti ń rí i. Inú fóònù náà ni mo ti bá àwọn ìyá kan pàdé, àwa tá ò fojú kanra rí, tí wọ́n ní oúnjẹ kan wà tí ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gbà, tó sì ń dí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé ara rẹ̀. Páálí kékeré kan dé láti òkè òkun, ike àti ìbọ̀wọ́ nínú rẹ̀. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́, lọ́wọ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Mo lúgọ tì í nílé ìtọ̀ láàárọ̀ títí mo fi rí díẹ̀ gbà. Mo gbé e sí fìrísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá kí n tó fi í ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tí Àlájà ti rí i níbẹ̀, kò jẹ ilá nílé mi mọ́.

Èsì ní àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni, kí n mú un kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, kí n sì tún fi ìtọ̀ mìíràn ránṣẹ́ tó bá yá. Dókítà ní òun ò gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbọ́. N kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àlájà náà fẹ́ sọ tirẹ̀, mo ní kó má la ẹnu rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi mọ́ láéláé.

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó gbóná, tó wú bí bọ́ọ̀lù, òun nìkan ni Múrádì ń fi ìfẹ́ jẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń forí gbá ògiri, èmi ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò lọ síbi ìgbéyàwó, n kò lọ kí abiyamọ, torí ilé wo ní Alẹkisáńdíríà ni wọn kì í ti gbé búrẹ́dì síwájú àlejò? Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́. Ó ku èmi, òun, àti agbọ̀n.

Agbọ̀n tí a fi ń ra nǹkan ni, tí a máa ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà òkè. Múrádì sọ ọ́ di ohun ìṣeré: á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fà á sókè, àwọn ẹyẹlé á sì kóra jọ sí i lẹ́sẹ̀. Ara rẹ̀ a balẹ̀, èmi a sì ráyè fọṣọ lẹ́yìn. Ó tilẹ̀ ń sanra. Mo sọ fún Wáẹ́lì pé oúnjẹ tuntun náà ń ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ yìí ni èsì kejì dé. Àlìkámà inú rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Títì nilẹ̀kùn mi ń wà," mo ní. "Ibo lẹ gbà fún un?"

Àlájà fi orí tọ́ka sí fèrèsé rẹ̀, tó wà lábẹ́ fàráńdà mi gan-an. "Agbọ̀n rẹ̀ ń kọjá níbí. Ṣé kí n máa wò ó lófìfo ni?"

Mo sọ ohun tí wọn kì í sọ fún àgbà. Mo ní òun ló dí ọmọ mi lẹ́nu. Mo ní bí Múrádì bá kú láìpè mí, òun ni Ọlọ́run yóò bi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó rọra gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ìyá Múrádì, o ní kí n má sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ mọ́, mo sì dákẹ́. Àmọ́ agbọ̀n kì í fọhùn. Báwo lo ṣe rò pé mo ṣe mọ ohun tó fẹ́?"

Mo lanu láti dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró díẹ̀. Àsìkò rẹ̀ ti tó."

Okùn ń ha ògiri. Agbọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú fèrèsé, ó ń mì. Ohùn kan wá láti fàráńdà mi lókè, ohùn tín-ín-rín tí n kò gbọ́ rí, ó pe ìyá ọkọ mi bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yòókù ṣe ń pè é.

"Tétà," ó ní. "Tétà, búrẹ́dì."