Èébu Orí Koríko Ehoro

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta ẹ̀fọ́ ní Mile 12. Kò sí ewé tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wá kọ́ mi. Mo lè dijú kí n fọwọ́ kan tẹ̀tẹ̀, kí n sọ fún yín bóyá àná ni wọ́n já a tàbí ìjẹta. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí Mummy Joanna, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa ní Ìkòsì, gbé Ṣúgà, ehoro ọmọ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ wá, tó ní, "Ìyá Mutolib, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀. A ń lọ Abẹ́òkúta fọ́jọ́ mẹ́fà." Ehoro ṣáà ni. Kí ló ń jẹ tó ju ewé lọ?

Joanna fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló kó àpò koríko gbígbẹ wá. Ọ̀dọ̀ Junaid, ọmọ Ìlọrin tó ń ta oúnjẹ àgbò ní Kétu, ni wọ́n ti ń rà á. Ọmọ náà ní, "Mama, Ṣúgà gbọ́dọ̀ máa rí koríko jẹ nígbà gbogbo o. Tí kò bá jẹun, ó máa kú." Omi ti lé ròrò sí i lójú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá fi mí sí wasáàpù àwọn tó ń sin ehoro ládùúgbò wa, kí n lè máa fi fọ́tò Ṣúgà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ wá wo koríko o! Ó gbẹ háúháú bí ìgbálẹ̀. Àánú ehoro ṣe mí. Mo bá ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ẹ̀fọ́ mi láràárọ̀: mo wọ́n omi sí i dáadáa, mo fi àpò tútù bò ó. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Koríko rọ̀, inú mi dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ṣúgà ò jẹun. Ó ká gúlútú sí kọ̀rọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí oúnjẹ. Mo ṣí àpò koríko, òórùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù kọlù mí nímú. Èébu funfun ti bo orí rẹ̀. Orí mi gbóná. Gbájú-ẹ̀ ni Junaid! Mo pe Mummy Joanna lójú ẹsẹ̀: "Koríko tó ti bu ni ọkùnrin yẹn tà fún yín o!" Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti kọ ọ́ sórí wasáàpù pé kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan lọ́dọ̀ Junaid mọ́.

Mo gbé àpò náà, ó di Kétu. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. "Junaid! O ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Kò bá mi jà, ìyẹn ló tún bí mi nínú. Ó ti ọwọ́ bọ àpò náà títí dé ìsàlẹ̀, ó fa díẹ̀ jáde, ó ṣẹ́ ẹ, ó dún kà. Ó gbé e sí mi nímú. Kò sí òórùn burúkú kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Alhaja, ìsàlẹ̀ gbẹ, òkè ló bu. Ká ní ọ̀dọ̀ mi ló ti bu ni, àárín ibi tí a dì í pọ̀ sí ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé omi kàn án ni?"

"Omi kẹ̀?" Àgbà bíi tèmi, mo purọ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ pé òun ò gba àpò mẹ́ta yẹn mọ́, pé òun ti ka ohun tí wọ́n kọ. Junaid ní, "Ó dáa, mà," ó rọra fi fóònù sápò.

Ó ní, "Ẹ gbé ehoro yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko báyìí. Ehoro kì í gbààwẹ̀, Alhaja. Tí ìfun ẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ó parí." Ó di koríko tuntun fún mi, kò gba kọ́bọ̀.

Dókítà Ládé gbé Ṣúgà lé orí tábìlì, ó bi mí pé, "Kí ni ẹ fún un jẹ?" Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó wákàtí méjì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀fọ́ kọ́ nìyẹn, Mama. Tí omi bá ti kan koríko gbígbẹ, ó máa bu." Ó fún Ṣúgà lábẹ́rẹ́, ó kán oògùn sí i lẹ́nu. "Tó bá fúnra ẹ̀ jẹun kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti bọ́ nìyẹn. Tí kò bá jẹ..."

Nílé, mo gbé koríko tuntun síwájú Ṣúgà, mo jókòó tì í. Kò tilẹ̀ wò ó. "Ó dáa, mà" Junaid ò kúrò létí mi. Ìdajì àwọn tó wà lórí wasáàpù yẹn ló ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ò mọ ewé. Tí n ò bá sì sọ ọ́, ta ló máa mọ̀? Ehoro ò kúkú lè sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, ká má purọ́.

Mo gbé fóònù, mo fi ohùn sílẹ̀ sórí wasáàpù yẹn: "Èmi Sẹ̀kínát ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni o. Koríko Junaid dáa. Èmi ni mo wọ́n omi sí i tó fi bu, èmi ni mo sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹ foríjì mí, ẹ padà lọ máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Kò pẹ́ tí ìpè wọlé láti Abẹ́òkúta. Mo ti múra de ìbínú Mummy Joanna, àmọ́ ohùn ọmọ ni mo gbọ́.

"Mama, ṣé ó ti jẹun?"

Kò béèrè omi, kò béèrè irọ́.

"Kò tíì jẹ, Àdùkẹ́ mi."

Mo ń gbọ́ bí Joanna ṣe ń mí nínú fóònù. Ó ṣe díẹ̀, Ṣúgà na ọrùn, ó gbóòórùn koríko, ó fa ẹyọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un. Mo sáré gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dúró. Ó tún fa òmíràn.

Joanna ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Mo gbé fóònù dúró síbẹ̀ títí apá fi ń ro mí.