Ìdajì Orí Baálẹ̀

"Orí tí wọ́n fẹ́ gé lọ́sàn-án, kí ni mo ń fá a láàárọ̀ fún?"

Bàbá Onígbàjámọ̀ ju aṣọ ìnura sílẹ̀. Ó ti fá apá ọ̀tún orí Baálẹ̀, ó ń dán bí ìdí abọ́ tuntun. Apá òsì ṣì kún fún irun.

Baálẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ti fẹnu òun sọ pé òun á yọjú sí ọba, òun ò sì ní gbé orí wúruwùru wọ ààfin. Bàbá bi í pé ṣé ẹnu yẹn náà ò lè sọ pé inú ń run òun ni. Baálẹ̀ ní inú ò run òun.

Wàhálà ọkùnrin náà nìyẹn: kò mọ irọ́ pa. Ẹlòmíì ló mọ̀ ọ́n pa. Arítẹnimọ̀ọ́wí, ìjòyè tuntun tí ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀ Baálẹ̀, ló lọ bá ọba pé etí òun báyìí ni Baálẹ̀ ti pe ọba lólè. Irọ́ pátápátá gbáà. Òun nìkan sì ni ẹlẹ́rìí tó máa jẹ́rìí níwájú ọba lọ́sàn-án, ẹlẹ́rìí kan sì tó láti gé orí ìjòyè.

Òfin kan wà tí eruku ti bò: ẹni tó bá fi abẹ kan orí ìjòyè ti di ọmọ ilé rẹ̀ títí ayé, kò gbọdọ̀ jẹ́rìí nípa rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí Bàbá lanu níwájú ọba nìyẹn, òun tó ti ń fá orí náà láti ìgbà tó ti rí róbótó bí àgbọn.

Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí Arítẹnimọ̀ọ́wí já wọlé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ọba mẹ́ta. Ó ti ń pe àgbà wọn ní ẹran láti ojú ọ̀nà. Ó rí ìdajì orí, ó dúró gbagidi. Àgbà ẹ̀ṣọ́ ní ẹni tó bá mú irú orí báyìí dé iwájú ọba, tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Ni Arítẹnimọ̀ọ́wí bá pàṣẹ kí Bàbá fá a kíákíá.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n bí ewé. Ó ní ọwọ́ àgbà nìyẹn, kò séwu lóko, àyàfi etí Baálẹ̀.

"Oòrùn sì ń gòkè o, Olóyè. Ọwọ́ tó le bíi tiyín, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ló máa fá a, ó parí."

Oyè Arítẹnimọ̀ọ́wí ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Aṣọ oyè ló kọ́kọ́ rà, òfin oyè ò tíì wọ̀ ọ́ létí. Ó já abẹ gbà.

Baálẹ̀, olóòótọ́ ayé, ya ẹnu láti kìlọ̀ fún un. "Dúró ná, òfin..."

Bàbá ti ti ẹ̀kúnwọ́ ọṣẹ sí i lẹ́nu. "Ẹ pa ẹnu dé, Baálẹ̀, kí ọṣẹ má baà wọ̀ ọ́."

Arítẹnimọ̀ọ́wí ń fá, ó ń làágùn, ó ń ṣépè. Àgbà ẹ̀ṣọ́ wo àjà, ó gé ètè jẹ.

Nígbà tí irun tó kẹ́yìn jábọ́, ọwọ́ Bàbá ò gbọ̀n mọ́. Ó gba abẹ, ó nù ún, ó bi àwọn ẹ̀ṣọ́ bóyá wọ́n rí ẹni tó fá a. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn rí i.

"Káàbọ̀ sílé wa, àbúrò mi," ni Bàbá wí. "Ẹ̀rí ti tán lẹ́nu ẹ. Abọ́ omi ìdọ̀tí yìí, ọmọ ilé tó dé kẹ́yìn ló ń dà á nù."

Arítẹnimọ̀ọ́wí yíjú sí àgbà ẹ̀ṣọ́. Àgbà ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.