Máìkì Tó Ń Súfèé

"Ẹ pa á! Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Ọwọ́ tí akọ̀wé ìjọ ń jù ni Bàbá Ẹ̀rọ rí, kì í ṣe ohùn rẹ̀ ló gbọ́. Gbogbo àwọn tó wá sí ìpàdé ti fọwọ́ di etí. Bàbá, tó ń bójú tó ohùn nínú gbọ̀ngán ìjọ, yára yí ohùn máìkì sílẹ̀. Ó sáré lọ sídìí àga ìwàásù, ó tẹ máìkì ọlọ́rùn gígùn náà sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Ká ní máìkì lẹ́nu ni, ì bá ti gbèjà ara rẹ̀.

"Ọrùn rẹ̀ ló yẹ̀," ó ní.

Akọ̀wé sún mọ́ ọn. "Tuntun mà ni, Bàbá! Súfèé burúkú yẹn, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Ta ni ò ní gbọ́ irú ẹ̀?"

Irọ́ ńlá! Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti tó ọdún méjì tí ohùn tín-ín-rín ti sá kúrò létí rẹ̀. Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, ìyẹn á jókòó lẹ́yìn, á gbé ìka sókè bí máìkì bá ti súfèé, kí Bàbá lè yí ohùn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura. Ìyàwó ti kú láti oṣù márùn-ún báyìí. Àwọn ará àdúgbò á kí Bàbá títí, kò ní dáhùn, wọ́n ní ó ń gbéra ga, wọ́n bá pa á tì. Ó dùn ún wọra. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń gbé e jáde nílé, ta ló sì máa fi adití ṣọ́ ohùn?

"Ó dáa," akọ̀wé ní, "a máa dá a padà lónìí. Obìnrin tó tà á fún wa ti rẹ́ wa jẹ. A máa fẹjọ́ ẹ̀ sun ọ̀gá ẹ̀, kí wọ́n lé e dànù."

Bàbá gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Láti oṣù márùn-ún náà, obìnrin yẹn nìkan, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra máìkì, ló kí i tó sì dúró títí ó fi dáhùn.

Ó tan máìkì, ó fà á sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará, máìkì ò ṣe nǹkan kan. Obìnrin yẹn ò rẹ́ wa jẹ. Etí mi ló ti di. Gbogbo ẹni tó kí mi tí mi ò dáhùn, mi ò gbọ́ ni o."

Lẹ́yìn náà ó rí i pé ẹnu akọ̀wé ń mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ má bínú," Bàbá ní, "ẹ bá mi tún un sọ."