Igi Tí Da Meziyan Kò Fún Ní Dọ́kà

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ so dọ́kà, mo ti wọ bàtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Akọ ọ̀pọ̀tọ́ ni dọ́kà. Kò ṣeé fi kan ẹnu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tín-ín-rín tó ń mú kí abo ọ̀pọ̀tọ́ gbó ń gbé. A máa ń sín in sórí okùn, a ó gbé e kọ́ sára igi kí oòrùn tó mú, àwọn kòkòrò á jáde, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́ wọn. Bí èèyàn bá pẹ́, wọ́n á ti fò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Akọli, ọkọ mi, ní kí n jẹ́ kí òun mu kọfí òun.

"Igi ò ní sá lọ, Dahbiya."

"Igi ò ní sá lọ. Kòkòrò ńkọ́?"

Ara mi ò lè balẹ̀ lọ́dún yẹn. Igi ọ̀pọ̀tọ́ mi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ti wà lẹ́nu àáké. Da Meziyan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ilé wa, fẹ́ gbé táńkì omi síbẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin ni omi ń yọ. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé bí igi yẹn bá so ẹ̀kún agbọ̀n kan tó ṣeé jẹ lọ́dún yìí, òun á wá ibòmíì fún táńkì. Bí kò bá so, òun á gé e. Ọdún mẹ́fà ni igi náà ti ń so èso tó ń tóbi, tó ń tóbi, tó sì ń là nídìí, tó ń kan, tó ń já bọ́ fún eṣinṣin.

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ewé rẹ̀ jọ ti irú ọ̀pọ̀tọ́ tí a ń pè ní taghanimt, ọrùn èso rẹ̀ kò sì gùn tó ti taghanimt. Awọ rẹ̀ dúdú bíi ti azenjar, ṣùgbọ́n ìdí azenjar kì í pọ́n báyẹn. Àwọn àgbà wá wò ó títí, wọ́n yẹ ìdí èso wò, wọ́n yẹ oje rẹ̀ wò, gbogbo wọn sì lọ pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá mi ló fún mi ní ẹ̀ka rẹ̀, ó ku oṣù kan kó kú. Ẹ̀bá òkun ló ní kí wọ́n ti bá òun mú un wá, níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ oko àjàrà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Orí ibùsùn ló ti nà án sí mi. Ó ní, "Gbìn ín, kó o fi í sílẹ̀." Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ láti kékeré náà nìyẹn: fi ọmọ yẹn sílẹ̀, Dahbiya, fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ kó hó. Ó dùn mí pé ìbáwí ló fi dágbére fún mi. Mo gbìn ín, mi ò sì fi í sílẹ̀. Lọ́dún tó kọ́kọ́ so, okùn dọ́kà méjì ni mo kọ́ sí i. Nígbà tó bà jẹ́, mo kọ́ mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ́ mẹ́jọ.

Da Meziyan ló máa ń pín dọ́kà nílé wa. Olórí ilé ló ń pín in. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ̀ lé e láti igi dé igi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń fojú ka okùn ọwọ́ rẹ̀. Igi mẹ́tàdínlógún ló gba tiwọn. Nígbà tó kan tèmi, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì.

"Dọ́kà ti tán."

"Da Meziyan, okùn márùn-ún wà lábẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ fi bo agbọ̀n yẹn."

"Ti àwọn àna mi nìyẹn. Àbí kí n gba ti àwọn èèyàn gidi fún igi tí ò mọ ohun tó ń ṣe?"

Mo yíjú sí Akọli. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe: igi tí kò ní dọ́kà á gbọn gbogbo èso rẹ̀ dànù kí oṣù keje tó parí, táńkì á sì ráyè jókòó.

Mo sáré lọ bá Na Shabha, ìyá àgbà tó múlé tì wá. Ó ti kọ́ tirẹ̀ tán. Mo lọ sí ìsàlẹ̀ abúlé, wọ́n ti kọ́ tiwọn náà tán. Nígbà tí gbogbo ilé ń sùn lọ́sàn-án, mo gun àpótí, mo já okùn kan lára igi Da Meziyan fúnra rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka tèmi tó dojú kọ fèrèsé ìdáná. Olè ni mí, mo gbà. Ó rí i lọ́jọ́ kejì, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Okùn kan fún odindi igi? O fẹ́ fi ìkòkò kan bọ́ gbogbo ìlú ni."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jókòó. Mo ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo ń lọ lọ́sàn-án, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ èso wò. Bí mo bá ń po kuskúsù, ojú mi wà lójú fèrèsé. Akọli ní tí mo bá tún tẹ̀ wọ́n, wọ́n á fẹjọ́ mi sùn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka ojú fèrèsé ń ṣe dáadáa, èso rẹ̀ ń wú, ó ń dán. Àwọn ẹ̀ka yòókù kò wú tó bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ilẹ̀ fún èyí tó máa kọ́kọ́ bọ́. Oṣù keje parí, wọn ò bọ́. Mo ní wọ́n kàn ń fi mí ṣeré ni.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé ìdajì, ẹ̀ka ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í là. Èso tí mo tìtorí rẹ̀ jalè là nídìí, ó ń ṣomi, eṣinṣin sì bò ó. Lọ́jọ́rú, mo gbọ́ tí Da Meziyan ń pọ́n àáké lórí òkúta. Ó ní Sátidé lòun máa gé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi, mo sunkún bí ọmọdé.

Na Shabha bá mi níbẹ̀. Ó ní ajọ̀ lòun wá yá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojúmìító ló gbé e wá. Ó yẹ ẹ̀ka tó ń kan wò, ó yínmú. Ó wá na ọwọ́ sókè sí ẹ̀ka ẹ̀yìn, ó já kékeré kan tó ti rọ̀, ó jẹ ẹ́. Ó tún já òmíràn.

"Jẹ ẹ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Na Shabha."

"Mo ní kó o jẹ ẹ́, olóríkunkun."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, oyin ló kún inú rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ìyẹn ni mò ń sọ. Kóró rẹ̀ ò dún léyín. Èyí tó bá jẹ dọ́kà, kóró rẹ̀ á máa dún. Èyí ò rí dọ́kà rárá, ó sì pọ́n. Irú wọn wà létí òkun. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ nǹkan kan sí wọn. Bí o bá fún wọn ní dọ́kà, inú wọn á kún jù, wọ́n á bẹ́." Ó nàka sí okùn gbígbẹ tó ṣì wà lójú fèrèsé. "Mélòó lo kọ́ sí i lọ́dún tó kọjá?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ." Ó mi orí. "Àṣejù, Dahbiya…"

"Mo mọ ìyókù, Na Shabha."

Mo wo igi náà yí ká. Gbogbo ẹ̀ka tí mi ò rí nǹkan kan fún ló so, tó sì yè. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ràn lọ́wọ́ ló jẹrà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká èso wọn, agbọ̀n sì kún kó tó di ọ̀sán. Mo gbé e lọ bá Da Meziyan níbi tó jókòó sí, àáké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kó ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, ó wá a dé ìsàlẹ̀ bóyá mo fi ewé dí i. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ ìkejì.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ni mo sọ. "Ẹ̀yin lẹ ò fún un ní dọ́kà. Ká ní ẹ fún un ni, ì bá ti bà jẹ́."

Òótọ́ ọkàn mi ni. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde, ó gbé àáké wọlé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Akọli ló sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni táńkì ń lọ.

Mo padà lọ jókòó lábẹ́ igi. Gbìn ín, kó o fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ìbáwí. Ìyá mi ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ igi ni, mo sì fi gbogbo ọdún yìí bínú sí òkú. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀ síta, ẹkún sì gbẹ lójú mi.

Èèrà ń gun igi náà lọ ní ìlà gígùn, wọ́n ń lọ síbi èso. Ọwọ́ mi ti nà láti gbọ̀n wọ́n dànù. Mo fà á padà, mo kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo sì jókòó lé wọn.