Iyán Tí Tíṣà Ọláníyan Kò Jẹ

Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó Tíṣà Ọláníyan ti kú. Ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ó fi jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ ní ìsọ̀ Àtinúkẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Pólì, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, nínú abọ́ kan náà. Abọ́ yẹn ní òdòdó búlúù létí, Àtinúkẹ́ kì í sì í bu oúnjẹ ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Bí Tíṣà bá ti yọ lókèèrè báyìí, obìnrin náà á ti nu abọ́, á ka àkàrà mẹ́fà sí i, á bó ẹ̀kọ méjì tì í. Kò bi í léèrè rí pé kí ni ó fẹ́ jẹ.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé àkàrà ló ń fà á. Àkàrà pọ̀ ní Ẹdẹ. Àtinúkẹ́ ni ó ń lọ wò. Opó ni òun náà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Mubarakah, ti wà nílé ọkọ, òun sì ń gbé ní agboolé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alùájì Ràṣídì. Tíṣà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Àtinúkẹ́ ń kírun, ṣùgbọ́n ta ni ìyẹn ń dí lọ́wọ́ ní ìlú tí bàbá ń lọ mọ́sálásí tí ọmọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin? Ohun tó ń dí Tíṣà lọ́wọ́ ni ẹnu ara rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gírámà, kò rí gbólóhùn kan péré sọ fún obìnrin tó ń dín àkàrà. Ṣé ẹ ó fẹ́ mi? Ó parí.

Bẹ́ẹ̀, Àtinúkẹ́ ti la ọ̀nà fún un rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò lé àwọn oníbàárà yòókù lọ, ó ń ròyìn bí olóògbé ọkọ rẹ̀ ṣe wá tọrọ rẹ̀ níjọ́ náà lọ́hùn-ún.

"Nílé tiwa," ó ní, "bí ọkùnrin bá wá, a ó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún un ná. Tó bá jẹ ẹ́, a ó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Tí ò bá jẹ ẹ́, a ó kí i pé ó kú ìrìn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní àṣà náà dára, ó sì tọrọ ata kún àkàrà rẹ̀. Etí ló fi gbọ́ ọ, kò fi pa mọ́ sínú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tèmítọ́pẹ́, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. "Bàbá mi, ẹ mú wọn jáde," ó wí lórí fóònù. "Ẹ mú wọn lọ síbi tí ẹlòmíràn á ti dáná fún wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́." Lásìkò yẹn gan-an ni Abdulmujeeb, ọmọ Ẹdẹ kan tó fi ọdún mọ́kànlá ṣe kúùkù ní ilẹ̀ Japan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ sí ọ̀nà Sẹkọ́nà. Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló tíì wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà fi lọ Àtinúkẹ́, obìnrin náà yí àkàrà inú epo padà kí ó tó dáhùn.

"Ó dáa," ó ní. "Àmọ́ ẹ ó sìn mí délé o, kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi á wà nílé."

Ọmọdé tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Tíṣà ní tirẹ̀ rò pé obìnrin náà kò fẹ́ pẹ́ níta ni.

Ọjọ́ Sátidé pé. Tíṣà wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, ó kun bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sínú pépà kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́ sí àpò àyà. Olùkọ́ ni, kò gbẹ́kẹ̀ lé orí lásán. Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà. Abdulmujeeb fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wọn, ó tẹ̀ ba gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ dákun, ẹ bá wa bọ́ bàtà. Orí ẹní là ń jókòó sí."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àtinúkẹ́ bọ́ bàtà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń wọ mọ́sálásí, ó ká ẹsẹ̀ jókòó, ara tù ú. Ṣùgbọ́n ibọ̀sẹ̀ Tíṣà ti lu lójú àtàǹpàkò, ó sì ti pẹ́ tó ti lu, nítorí láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, kò sí ẹni tó ń yẹ ibọ̀sẹ̀ wò nílé yẹn. Ta ló máa ń rántí ibọ̀sẹ̀ nígbà tí bàtà bá ń dán? Ó fi ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Oúnjẹ dé. Ìrẹsì funfun ni, tí wọ́n ká mọ́ ẹja, tí wọ́n fi ewé dúdú inú òkun wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju òkèlè ọmọdé lọ, mẹ́fà péré sì ni nínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀. Ọbẹ̀ kan tẹ̀ lé e tó ṣàn bí omi ẹ̀fọ́, lẹ́yìn náà edé àti ànàmọ́ tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n dín.

"Wàrà sóyà mà nìyí nínú ọbẹ̀," Àtinúkẹ́ wí, inú rẹ̀ dùn. Ó já edé díndín kan sí méjì, ó wo inú rẹ̀ bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó pe Abdulmujeeb, ó bi í bí epo ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí èèpo rẹ̀ tó rí fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà lóṣòó tì í, ó ń ṣàlàyé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín báyìí rí láti ọdún mẹ́ta. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Orúnkún ló ń rò.

Ó na ọwọ́ sí àpò àyà, ó fẹ́ fa pépà yọ, ó sún ìdí díẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta kedere. Àtinúkẹ́ rí i. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀, ó rọra gbé e síwájú ẹsẹ̀ náà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ epo lọ bí ẹni pé kò ṣe ohunkóhun. Títí di òní, báàgì yẹn ni Tíṣà máa ń rí bó bá di ojú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ìtìjú ló bá a, kì í ṣe ọpẹ́. Ó yọ ọwọ́ lápò.

"Oúnjẹ ológbò," ó kùn.

"Ó dùn o," Àtinúkẹ́ dáhùn. Òun náà kò jẹ ju méjì lọ. "Ó sì dáa bí wọ́n ṣe bù ú kékeré. Kò yẹ kéèyàn yó níbí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Bàbá Tọ́pẹ́."

Wọ́n jáde. Nínú ọkọ̀, ikùn Tíṣà ń kígbe. Láti àárọ̀ ni kò ti jẹun, torí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ ńlá. Àwọn àgbà sì ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó pinnu pé òun á kọ́kọ́ wá nǹkan gidi jẹ, lẹ́yìn náà òun á sọ ọ̀rọ̀ òun pẹ̀lú agbára. Dípò kí ó yí orí ọkọ̀ padà sí àárín ìlú, ó kọrí sí oríta Sẹkọ́nà.

"Ọ̀nà ilé kọ́ lèyí," Àtinúkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"À ń lọ, à ń lọ."

Ní oríta, èéfín dùndú ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tíṣà páàkì níwájú obìnrin kan tó ń yọ iṣu pupa ròkòtò nínú epo. Àtinúkẹ́ gbá a lápá aṣọ mú, ohun tí kò ṣe rí.

"Ẹ dákun, ẹ má jẹun níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oníṣòwò yìí! Ẹ ò fẹ́ kí oníbàárà yín tọ́ ata ẹlòmíràn wò."

Obìnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó jẹ dùndú pẹ̀lú ata díndín àti ẹja, ó ní kí wọ́n bù sí i, ó mu omi, ó gùnfẹ̀. Ayé dára.

Aago márùn-ún ti fẹ́ lù nígbà tí wọ́n dé agboolé. Àtinúkẹ́ kò dágbére lẹ́nu ọ̀nà bí Tíṣà ti rò, ó ní kí ó wọlé. Nínú yàrá àlejò, Alùájì Ràṣídì jókòó nínú jàlàbíà funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹní tuntun wà nílẹ̀. Kúlà kan wà lórí rẹ̀, abọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ìṣanwọ́ pẹ̀lú, àti tówẹ̀lì tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Òórùn ẹ̀gúsí gba gbogbo ilé. Kí Àtinúkẹ́ tó bá Tíṣà jáde lọ́sàn-án ni ó ti gún iyán náà.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀," Alùájì wí. "Ẹ wá jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ Tíṣà dàgbà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó jẹ ẹ̀bà nílé aládùúgbò, ìyá rẹ̀ sì nà án débi pé kò lè jókòó. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ìyá náà wí, bí wọ́n bá ní kí ó wá jẹun nílé onílé, á ní òun ti yó. Láti ọjọ́ náà, ahọ́n rẹ̀ ni ó máa ń dáhùn kí orí rẹ̀ tó gbọ́. Ikùn rẹ̀ sì ti kún fún dùndú pẹ̀lú.

"Á gba ibi ire, sà," ó ní. "Mo ti yó."

Alùájì wo àbúrò rẹ̀. "Ẹ bu òkèlè kan péré."

"Ẹ ṣé, sà. A ti jẹun ní Sẹkọ́nà."

Òkèlè kan péré ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn tí èrò ọ̀nà ń fún ẹni tó bá ń jẹun ni òun fún ilé tó fẹ́ fi ṣe ilé àna. Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ lé e, ó wọ inú ilé lọ, kò sì jáde mọ́.

"Ó dáa," Alùájì wí. "Ẹ kú ìrìn o."

Tíṣà fa pépà rẹ̀ yọ. "Alùájì, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́..."

"Ọ̀rọ̀ ò lè sá lọ. Òjò ń ṣú, Tíṣà, ẹ tètè máa lọ sílé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Tèmítọ́pẹ́ pè láti gbọ́ bó ṣe lọ. Bàbá rẹ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀, àwo kékeré, ẹja tútù, dùndú, títí ó fi dé orí ẹní tuntun àti kúlà.

"Wọ́n gúnyán dè yín?" ọmọ náà béèrè. "Bàbá mi, ẹ ò sì jẹ ẹ́?"

Nígbà náà ni àárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Àtinúkẹ́ gan-an: a ó kí i pé ó kú ìrìn. Tíṣà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ ibọ̀sẹ̀ náà, ó mú un dání. Ó dùn ún. Kò tíì dùn ún tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, ká má wulẹ̀ wá sọ ti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń túká ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó gba ilé Alùájì lọ, ó dọ̀bálẹ̀. Alùájì gbé e dìde.

"Èmi ò bínú sí yín," ó ní. "Tó bá jẹ́ tèmi ni, mà bá ní kẹ́ ẹ padà wá jẹ ẹ́. Àbúrò mi ló ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá a."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Tíṣà ti dé ìsọ̀ kí iná tó ràn dáadáa. Àtinúkẹ́ kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì ń po ẹ̀wà lọ.

"Ìyá Mubarakah, ẹ foríjì mí," Tíṣà wí. "Ẹ gún òmíràn. Mà á jẹ ẹ́ tán, mà á fọ abọ́ pẹ̀lú."

"Kì í ṣe tìtorí iyán, Bàbá Tọ́pẹ́." Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà, ó wò ó lójú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní ká lọ sílé. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé. Ọkọ tí mo fẹ́ níjọ́sí, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń bá ẹ̀yìn ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo jókòó nínú ọkọ̀ ní Sẹkọ́nà, mo sì ń wo ẹ̀yìn yín."

Tíṣà fọwọ́ kan àpò àyà. Pépà rẹ̀ ṣì wà lápò, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ibi tí ọ̀rọ̀ dé mu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti ọlọ́kadà kan, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Epo gbóná. Àtinúkẹ́ da àkọ́dín sí i, ó yọ ọ́, ó gbójú sókè.

"Ẹ ó jẹ ẹ́ níbí ni, àbí ẹ ó gbé e lọ?"

Tíṣà wo bẹ́ǹṣì. Àyè wà níbẹ̀. Abọ́ olódòdó búlúù wà láàárín àwọn abọ́ yòókù, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti sọ kò ju "níbí" lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wò ó, obìnrin náà kò sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì, ahọ́n tí ìyá rẹ̀ kọ́ sì tún yára ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Mo máa gbé e lọ," ó ní.

Àtinúkẹ́ ka mẹ́fà sínú ọ̀rá, ó so ó, ó nà án sí i.