Ohun Tí Bàbá Mùs'áb Kò Rí

Ní agboolé wọn lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn, kò sẹ́ni tí kò rí pílánẹ́ẹ̀tì Taslimah nínú àwòrán tó fi hàn wọ́n. Ganiat ìyá rẹ̀ rí i. Bùrọ̀dá Ṣéhù rí i láìtiẹ̀ yọ awò òòrùn kúrò lójú. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, ta ni yóò já a kulẹ̀?

Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan ni Taslimah ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí láti ọdún mẹ́ta. Eruku yí ìràwọ̀ náà po pẹrẹsẹ bí àwo. Inú irú eruku bẹ́ẹ̀ ni ayé tuntun, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì, ti máa ń dì, tí yóò sì máa gbá ọ̀nà rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń yí ìràwọ̀ po. Eruku náà ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá nínú aṣálẹ̀ kan lókè òkun ló ń gbà á, tí wọ́n ń fi ya àwòrán. Nínú àwòrán ọ̀hún, òrùka dúdú kan la eruku já bí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbá, inú òrùka náà sì ni Taslimah ti rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan. Bó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ni, orúkọ Taslimah yóò kàn. Bó bá kọ ọ́ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bàbá Mùs'áb, bàbá ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá ni, ó wá jókòó sójú fèrèsé, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ sókè fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

"Bàbá, ẹ wo ibi tó dúdú yìí. Ṣé ẹ rí nǹkan tó ń tàn níbẹ̀?"

Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó tún sún un sẹ́yìn.

"Mo rí ọ̀nà. Mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Gbogbo wọn ló rí i, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ṣé o mọ ọdún tí mo ní mo rí oṣù, tí gbogbo àdúgbò fi jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀?"

Wọn kì í dárúkọ ọdún náà nínú ilé yẹn.

"Gbogbo èèyàn ń nawọ́ sókè: 'Mùs'áb, ṣé o rí i?' Ojú tì mí láti sọ pé rárá. Mi ò rí nǹkan kan, Taslimah. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Taslimah wo àwòrán náà títí. Òun náà mọ̀ pé ìfẹ́ ọkàn òun ló ń bá òun wò ó. Ó pa ìlà kan rẹ́ nínú ìwé náà, ó kọ òmíràn: ọ̀nà wà níbẹ̀, a kò tíì rí ẹni tó là á. Ó fi ránṣẹ́. Ó yà á lẹ́nu bí ara rẹ̀ ti fúyẹ́ tó.

"Wọ́n máa tún àwòrán náà yà lọ́dún tó ń bọ̀, Bàbá."

"Gbé e wá fún mi," ni bàbá wí. "Tí mo bá ní mo rí i, o máa mọ̀ pé mo rí i."