Ibi Tí Wọ́n Bí Mi Sí Lábẹ́ Ìlú

Ogójì ọdún ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́lẹ̀ tí àwọn ará Róòmù kọ́ sábẹ́ ìlú wa. Ogójì ọdún náà ni mo fi bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Naïs, pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó pẹ̀lú mi. Lọ́dún yìí, orúnkún ń dùn ún. Lọ́dún tó ń bọ̀, òtútù ibẹ̀ á pa á. Ọdún kan wà tó ní bàtà òun ò dáa, bẹ́ẹ̀ bàtà yẹn ló fi gun òkè lọ ra wáìnì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Marseille tó ń gbé kò ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ọdún Àjíǹde ló ń wá, ó ń jẹ ẹran màlúù wa pẹ̀lú ìrẹsì, ó ń bú afẹ́fẹ́ mistral wa pé ó ń tú òun nírun, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀," á ti máa wá pọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri.

Ó máa ń bí mi nínú, n ò ní purọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wá ju bọ́ǹbù sí afárá odò Rhône, gbogbo ará àdúgbò wa sá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ilẹ̀ sì ń mì lókè nígbà tí mo dé ayé nídìí òpó keje. Màmá fúnra wọn ló mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje. Wọ́n fi ọwọ́ kan òkúta náà, wọ́n ní, "Ibí ni, Trophime," wọ́n sì sunkún. Èmi rò pé ayọ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti di aṣọ́nà ibẹ̀, kò sí àlejò kan tí n kò dá dúró nídìí òpó yẹn. Màá ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ, àwọn baba ńlá wa kó òróró sí i, èmi ni wọ́n sì bí sí i." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yà mí ní fọ́tò. Mo gbọ́ pé fọ́tò mi wà ní Japan.

Oṣù kẹfà ọdún 2006 ni mo máa fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ọ́fíìsì ìlú ní àwọn fẹ́ fún mi lẹ́bùn, mo rò pé aago ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ akọ̀wé wọn, Sylvaine, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn ìtàn mi, ní pátákó kékeré ni wọ́n máa kàn mọ́ òpó keje, tí orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti orúkọ ìyá mi máa wà lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ló kù. Ìwé ìbí mi ò sọ ju orúkọ ìlú lọ, nítorí náà ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti kú tán, àfi Naïs, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà.

Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Mo ní fọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nídìí òpó náà gan-an ni mo fẹ́ kó ti fọwọ́ sí i, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láyé mi pé ó rántí.

"Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní. Kò mẹ́nu ba orúnkún.

Mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó wọ aṣọ dúdú, ó kun ètè, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. A gba ẹ̀yìn Arènes kọjá, pápá olókùúta àwọn ará Róòmù tí a ti ń wo eré akọ màlúù. Wọ́n ń kó iyanrìn tuntun wọlé fún eré ọjọ́ Àìkú, òórùn màlúù sì gba gbogbo òpópónà. Naïs dúró, ó fa òórùn náà símú bí ẹni tó wọ ilé búrẹ́dì.

"Àyè wa ṣì wà níbẹ̀?" ó bi mí.

"Ìlà kẹrin, lábẹ́ ẹnu ọ̀nà kẹsàn-án. Ta ló máa jókòó síbẹ̀? Ṣé ó fẹ́ kú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ní ìlú wa, o lè jí ajá ẹlòmíì gbé, kó dárí jì ọ́ tó bá yá, àmọ́ má ṣe jókòó sí àyè rẹ̀ nínú Arènes. Bàbá wa kò bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá nítorí ìdí tó gbé sí ibi tí kò tọ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, bó ṣe rí ní ilé wáìnì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ilé tó yí gbàgede àárín ìlú ká ló ní àjà ilẹ̀, ẹnu àjà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láyé àtijọ́. Ẹnu tìrẹ ni o ń kó òróró rẹ sí. Nígbà ogun, ẹnu tìrẹ náà ni o ń sá sí, ìwọ àti ará ilé rẹ, ẹ ò sì ní kúrò níbẹ̀.

A kọjá níwájú gbọ̀ngàn eré àtijọ́ tí òpó méjì péré ṣẹ́ kù sí. Naïs sọ orúkọ gbogbo ọmọbìnrin tó ti bá a jó níbẹ̀ nígbà ayẹyẹ oṣù keje, nígbà tí wọ́n ń fi rìbọ́ọ̀nù di irun sókè. "Mireille ti kú. Nourado ti kú. Félicité, ìyẹn ti ṣarán." Lẹ́yìn náà a dé iwájú ilé wa ní gbàgede. Wọ́n ń ta ìgò ojú níbẹ̀ báyìí. Níbi tí Màmá máa ń sá àlùbọ́sà sí, wọ́n gbé dígí kan kalẹ̀, àlejò kan láti òkè òkun sì ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ó dáa kí Màmá má rí i," mo ní.

"Wọn ì bá ti ra ọ̀kan," Naïs dáhùn. "Ṣé o ò mọ Màmá ni? Wọ́n fẹ́ràn fáàrí ju ẹ̀mí wọn lọ."

Ọkàn mi balẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, a máa sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ sí i, a máa lọ jẹun. Mo ti bá wọn sọ ọ́ ní ilé oúnjẹ pé kí wọ́n fi ẹran sílẹ̀ fún wa.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tan iná. Ó fi ọwọ́ kan mú ògiri, ó fi èkejì mú apá mi, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òtútù pàdé wa. Àwọn òpó ńlá náà tò lọ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa, omi ń kán níbi tó ti ń kán látijọ́. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo yà sí òsì, sí ọ̀nà òpó keje. Naïs yà sí ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n, apá ibí ni."

"Mo mọ ibi tí mò ń lọ." Ó rìn títí ó fi dé ibi kan tí wọ́n fi bíríkì dí lára ògiri, ó sì tẹ́ ọwọ́ lé e. "Ibí ni àyè wa."

"Ẹnu àjà ilẹ̀ wa ni, mo mọ̀. Ṣé èmi ni ẹ máa kọ́? Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn bọ́ǹbù ń já, gbogbo èèyàn dàrú, Màmá sì sá lọ sí òdìkejì."

"Kò sẹ́ni tó dàrú," ó ní. "Ìyá àgbà Barral ò sún kúrò ní àyè rẹ̀ fún fádà pàápàá. Nídìí òpó keje, àyè ta ni ibẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ fún àlejò ilé tó ni ẹnu kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń fò ó dá nígbà tí mo bá dé orí ìbí mi. Ohun tó ta kókó sí mi lọ́kàn ni mo ti fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀.

"Àyè àwọn Roubaud ni," mo ní. Ohùn mi kò dún bíi tèmi.

"Vivette Roubaud. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ti kó ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kò sì padà wá. Òun ló bí ẹ, Trophime. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Kò sí dókítà tó lè dé ibẹ̀ nínú bọ́ǹbù. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá àgbà rẹ̀ sì jókòó tì í, kò mọ ohun tó máa ṣe. O wá bẹ̀rẹ̀ sí ké."

Ó dùn mí, ó dùn mí wọ egungun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo fẹ́ pe Màmá.

"Màmá wa ti bí ọmọkùnrin kan lóṣù yẹn, tó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án," Naïs ń bá a lọ, ó kọjú sí bíríkì. "Ọmú wọn ṣì kún. Bí o ṣe ń ké, omi ọmú ń kán sí aṣọ wọn. Gbogbo ilé ló gbọ́ ẹ, gbogbo ilé jókòó sí àyè wọn. Màmá bá dìde."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára bíríkì. Mo rò pé ó ti parí ni.

"Mo di yẹ̀rì wọn mú. Mo ní, 'Màmá, ẹ jókòó, ibẹ̀ yẹn kì í ṣe àyè wa. Ẹ jẹ́ kó máa ké.' Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Nípa rẹ. 'Ẹ jẹ́ kó máa ké.'" Ó wá yíjú sí mi. "Ohun tí kò jẹ́ kí n lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbí nìyẹn. Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ á máa fi ẹ̀rín sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n bí ẹ síbí, èmi á máa gbọ́ ohùn ara mi."

"Kí ni Màmá ṣe?"

"Wọ́n gbá mi létí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn. Wọ́n sì rìn lọ, lójú gbogbo èèyàn."

Mo wo ibi tí a dúró sí, mo wo òpó keje ní òdìkejì. Ilẹ̀ gbalasa tó wà láàárín méjèèjì ni mo máa ń rìn kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin kan tí kò ní jókòó sí àyè ẹlòmíì nínú Arènes bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní owó, ó rìn ín kọjá nínú bọ́ǹbù, nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n ò nù ún.

"Ìgbátí yẹn tọ́ sí yín," mo ní.

Ó la ẹnu. Ó wò mí bóyá mo ń bínú, ó rí i pé mi ò bínú, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, àwa méjèèjì sì di ara wa mú.

"Ìwé ìlú ti dàrú lákòókò yẹn," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Màmá forúkọ rẹ sílẹ̀ bí ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, gbogbo àdúgbò sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo máa fọwọ́ sí nísinsìnyí, Trophime, ara òkúta ni wọ́n sì máa kàn án mọ́. Vivette náà lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ."

Mo na apá mi sí i. Ó wo ilẹ̀ tó wà níwájú wa bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ mi títí a fi dé òdìkejì. Nídìí òpó keje, ó fi ìka kan òkúta náà, ó wí nǹkan kan tí n kò gbọ́, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo yọ fọ́ọ̀mù náà nínú àpò, mo tẹ́ ẹ lé orí òkúta. Níbi tí wọ́n kọ "ìyá" sí, mo fa ìlà la ohun tí Sylvaine ti tẹ̀ síbẹ̀ kọjá, mo kọ Vivette Roubaud. Mo tún kọ orúkọ Màmá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó há, ó sì wọ́, àmọ́ ó wọlé. Mo gbé kálámù fún Naïs. Ó fọwọ́ sí i. Ìlà kan ṣì ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti bi ẹlẹ́rìí pé báwo ló ṣe tan mọ́ ẹni náà. Kálámù rẹ̀ dúró lókè ìlà yẹn. Kò wò mí.

"Kí ni kí n kọ?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ ọdún méjìlá.

"Ẹ̀yin náà! Kí lẹ fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀?"

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, débi pé ó kọjá ìlà náà: Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀ OBÌNRIN.